Orúkọ tí Ó Yẹ Ìtọ́jú Òkúta Inú Ìtọ̀

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà 'iṣẹ́ abẹ' ti ń sin ìmọ̀ ìṣègùn ní èdè Yorùbá. Ọwọ́ àwọn olóólà ni wọ́n ti yá a, àwọn tí ń fi abẹ kọ ilà, tí wọ́n sì ń fi í dá abẹ́ fún ọmọ. Nígbà tí ó jẹ́ pé lílà ni gbogbo iṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ilé-ìwòsàn ń ṣe, orúkọ náà bá iṣẹ́ wọn mu régí. Ṣùgbọ́n ní òde òní, ìtọ́jú tí wọ́n la ikùn fún, èyí tí wọ́n ti awò tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú ara fún, àti èyí tí abẹ kankan kò kan awọ ara nínú rẹ̀, abẹ́ orúkọ kan náà ni gbogbo wọn forí pamọ́ sí. Kò sí ibi tí àbùkù yìí ti hàn gbangba tó inú ìtọ́jú òkúta inú ìtọ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn oníṣègùn ń gbà mú òkúta náà kúrò lára; gbólóhùn kan ṣoṣo ni aláìsàn ń gbọ́: 'Iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò ṣe fún yín.' Ohun kan ṣoṣo ni òun náà sì ń rí lójú inú rẹ̀, pé wọn yóò la òun ní ìhà. Ẹni tí ó bá rí èyí lójú inú tí ó sì sá, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní òpè. Orúkọ ni ó lé e.

Ìdí wà tí ó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ ìlú Ọ̀tà lógún. Ìlú Àwórì àtayébáyé ni Ọ̀tà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1976 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀, láti Ṣàngó Ọ̀tà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, títí dé ojú ọ̀nà Ìdìrókò. Nínú wọn ni àwọn tí ń yọ́ àlòkù irin wà. Irin kì í yọ́ títí iná rẹ̀ yóò fi gbóná tó nǹkan bí 1,500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ḷ́síọ̀sì, ẹni tí ó bá sì dúró ti irú iná bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ yóò làágùn púpọ̀. Omi tí ó bá òógùn lọ kò ní í sí nínú ìtọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìtọ̀ kò ṣàìní iyọ̀ oríṣiríṣi nínú. Bí omi bá pọ̀, iyọ̀ náà yóò yòrò. Bí omi bá dín kù, yóò dì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará etí òkun ti máa ń se omi òkun lórí iná títí yóò fi ku iyọ̀ nìkan nínú ìkòkò. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ irin ní orílẹ̀-èdè Bràsíl fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ooru ni ó ní òkúta, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí ó tutù kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ooru Ọ̀tà kò yàtọ̀ sí ooru Bràsíl. Òfin àwọn ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987 ní Nàìjíríà tilẹ̀ pàṣẹ pé kí omi mímu tí ó mọ́ wà fún òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí omi wà jẹ́ ọ̀tọ̀, kí àyè àtimu ún wà jẹ́ ọ̀tọ̀.

Kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn rárá ni orúkọ ti kọ́kọ́ ń ṣì í lọ́nà. Ẹ̀yìn àti ìhà tí ń ro ọkùnrin ní ìrora tí ó ń wá tí ó ń lọ, 'jẹ̀díjẹ̀dí' ni wọn yóò pè é, àgbo jẹ̀dí inú ọtí sì wà ní gbogbo ìdíkọ̀ fún un. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, 'àtọ̀sí' ni, ìtìjú àtọ̀sí kì í sì í jẹ́ kí ọlọ́mọ sọ fún ìyàwó rẹ̀, áḿbọ̀sì kí ó sọ fún dókítà. Àwọn tí ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò rántí 'àtọ̀sí ajá', àìsàn tí kòkòrò inú odò ń fà, tí kò sì ṣàjèjì ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, pàápàá ní agbègbè adágún Ọyán. Bí ibà bá wá bá ìrora ìhà náà rìn, 'ibà' ni yóò máa jẹ́, oògùn ibà ni wọn yóò sì máa lò. Èyí ni ó léwu jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Òkúta tí ó dí ọ̀nà ìtọ̀ pa, tí ìtọ̀ tí ó sé mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ní kòkòrò àrùn, lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọn kì í tilẹ̀ dúró yọ òkúta nígbà bẹ́ẹ̀. Wọn yóò kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà fún ìtọ̀ náà kí ó jáde, bí ara bá sì balẹ̀ tán ni wọn yóò padà sórí òkúta. Ọ̀rọ̀ náà 'ibà' kò sọ èyíkéyìí nínú èyí fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, àwọn tí ń ṣe ìperí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ. Láti orí ẹ̀yà ara ni ó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, èkíní nínú èyí tí àríyànjiyàn sì wà lé lórí ni ibi tí òkúta náà ń gbé. Àwọn kan fẹ́ 'iwe', wọ́n sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé ni, òun sì ni àwọn atúmọ̀ Bíbélì lò fún ẹ̀yà ara yìí nínú òfin ẹbọ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Àwọn kejì fẹ́ 'kíndìnrín', tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbéraga èdè nìkan ni, iwe ni ìbá borí. Ṣùgbọ́n iwe tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ ni ti adìyẹ, èyí tí wọ́n ń bù sí àwo baálé ilé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti la iwe adìyẹ rí mọ̀ pé òkúta wẹ́wẹ́ kì í wọ́n níbẹ̀. Òun ni adìyẹ fi ń lọ oúnjẹ rẹ̀, adìyẹ tí kò bá ní i kò lè gbádùn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yóò ti rí bí dókítà bá sọ fún ìyá àgbà kan ní Ọ̀tà pé òkúta wà nínú iwe rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn létí ìyá àgbà! Kíndìnrín ni ó yẹ kí ó dúró. Ó ti di ọmọ ilé, ó ti gba ohùn Yorùbá sára, kò sì ní adìyẹ kankan tí ń tẹ̀ lé e.

Èkejì ni àwọn ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà. Méjì ni wọ́n, 'ọ̀nà ìtọ̀' sì ni wọ́n ń pe méjèèjì. Ọ̀kan ti inú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan wá sí àpò ìtọ̀. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n, ihò inú rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ju mìlímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ìkejì ti inú àpò ìtọ̀ jáde sí òde ara. Bí òkúta bá há sí ti àkọ́kọ́, kíndìnrín kan ni ó wà nínú ewu, aláìsàn sì lè máa tọ̀ dáadáa láti inú ìkejì, kí ó máa rò pé kò sí nǹkan. Bí ó bá há sí ti ìkejì, ìtọ̀ kò ní í jáde rárá, gbogbo ilé ni yóò sì gbọ́ igbe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè ru ẹrù méjèèjì yìí. Àwọn kan ti dábàá 'ìfun ìtọ̀' fún èyí tí ó wà lókè, ṣùgbọ́n ìfun ni ọ̀nà oúnjẹ, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò máa wá oògùn inú rírun. Ọ̀nà-ìtọ̀ òkè àti ọ̀nà-ìtọ̀ ìsàlẹ̀ ti tó. Wọn kò ní ẹwà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbọ́ wọn tí kò ní í mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí lára rẹ̀.

Bí èyí bá ti fìdí múlẹ̀, orúkọ ìtọ́jú kò ṣòro mọ́. Ìlànà tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé ni pé kí orúkọ kọ̀ọ̀kan sọ ọ̀nà tí oníṣègùn gbà dé ibi tí òkúta wà. Kì í ṣe irin tí ó lò, kì í ṣe iná tí ó tàn, kì í sì í ṣe orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é. Irin ń yí padà lọ́dọọdún; ara ènìyàn kò yí padà.

Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn ni lílà yọ. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ ti wà tipẹ́tipẹ́: ní ọdún 1901 ni wọ́n rí òkúta àpò ìtọ̀ nínú sàréè ọ̀dọ́ kan ní El Amrah ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí ó ti wà níbẹ̀ láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìbúra tí wọ́n ń pè ní ti Hippocrates, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní í la ẹni tí òkúta ń dà láàmú, pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ náà jẹ́ tiwọn. Ọlọ́pọlọ ni wọ́n. Olóólà ní iṣẹ́ tirẹ̀, adáhunṣe ní tirẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1658, wọ́n la Samuel Pepys, ọkùnrin tí ó kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ nì, nígbà tí kò tí ì sí oògùn tí ń mú ènìyàn sùn. Ó yè é, ó sì ń ṣe àjọ̀dún ọjọ́ náà lẹ́yìn ìgbà náà. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, lílà yọ ni ó gba iwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá, òun náà ni wọ́n sì ń ṣe títí di òní níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ, tàbí tí òkúta náà bá ti tóbi, tí ó sì ti ya ẹ̀ka kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè ká. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ba ojú rẹ̀ jẹ́. Àbùkù rẹ̀ kò ju pé ọgbẹ́ rẹ̀ tóbi, tí ó sì ń pẹ́ kí ó tó jinná, èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tí owó oúnjẹ rẹ̀ ti inú gbígbé irin wá.

Ìkejì ni fífọ́ láti òde. Ọjọ́ keje oṣù Èrèlé ọdún 1980 ni Christian Chaussy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe é fún ènìyàn ní ìlú Munich ní Jámánì. Ilé-iṣẹ́ Dornier, tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ni ó kan ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ yìí ń rán ìgbì kọjá nínú ara, gbogbo ìgbì náà a sì pàdé lórí òkúta, wọn a máa gbá a léraléra títí yóò fi rún. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n pè é ní 'ìfìrófọ́kùúta'. Yàtọ̀ sí pé ó ṣòro í pè, ó ń mú kí aláìsàn máa retí ariwo. Ohun tí ó yẹ kí orúkọ jẹ́ kí ó mọ̀ ni pé òde ni ẹ̀rọ wà, inú ni òkúta wà, kò sì sí ọgbẹ́ láàárín wọn. Síbẹ̀, kò yẹ kí dókítà tí ó bá lo orúkọ yìí dákẹ́ síbẹ̀. Fífọ́ kì í ṣe yíyọ. Èérún tí ó bá fọ́ yóò bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀, ó lè dunni bí ó ti ń jáde, òmíràn sì lè há. Òkúta tí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ kì í sábà gbọ́ràn sí i lẹ́nu, wọn kì í sì í ṣe é fún aláboyún tàbí fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà fi gbọdọ̀ jẹ́ 'fọ́', kí ó má ṣe jẹ́ 'yọ'.

Yíyọ láti ìsàlẹ̀ ni ìkẹta. Ọ̀nà-ìtọ̀ ìsàlẹ̀ ni awò ìwonú ń gbà wọlé, yóò kọjá nínú àpò ìtọ̀, yóò sì gun ọ̀nà-ìtọ̀ òkè lọ bá òkúta. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára awọ. Èrò yìí kì í ṣe tuntun pátápátá: ní Páríìsì ní ọdún 1824, Jean Civiale ti irin bọ ọ̀nà-ìtọ̀ ìsàlẹ̀, ó sì fọ́ òkúta inú àpò ìtọ̀ láìla ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé awò náà ti di tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún, iná lésà sì ń gba inú rẹ̀ kọjá láti rún òkúta. Lésà ni ó ń dá àwọn akéde ìṣègùn lọ́rùn jù, wọ́n sì fẹ́ kí orúkọ ìtọ́jú náà jẹ́ ti lésà. Kí ni wọn yóò ṣe nígbà tí lésà bá di ohun àtijọ́?

Ìkẹrin ni yíyọ láti ẹ̀yìn, tí Fernström àti Johansson ní ilẹ̀ Swídìn tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1976. Abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n fi ń wá kíndìnrín láti ẹ̀yìn, tí àwòrán ìwonú-ara yóò sì máa tọ́ wọn sọ́nà. Wọn yóò fẹ ojú ihò náà títí yóò fi tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan, awò yóò wọlé, wọn yóò fọ́ òkúta níbẹ̀, wọn yóò sì kó èérún rẹ̀ jáde. Fún òkúta kíndìnrín tí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, òun ni àwọn onímọ̀ ń kọ́kọ́ nàka sí lónìí. Ẹ̀jẹ̀ lè dà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ihò kékeré tan ẹnikẹ́ni jẹ pé iṣẹ́ kékeré ni.

Orúkọ mẹ́rin nìyí: lílà yọ, fífọ́ láti òde, yíyọ láti ìsàlẹ̀, yíyọ láti ẹ̀yìn. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn fífi sílẹ̀ kí ó bá ìtọ̀ jáde, nítorí púpọ̀ nínú òkúta tí kò bá tó mìlímítà márùn-ún ni yóò jáde fúnra wọn bí omi bá ti ń wọlé tó. Òun náà yẹ fún orúkọ, kí aláìsàn tí wọ́n ní kí ó lọ máa mu omi nílé má ṣe rò pé wọ́n lé òun ni.

Yóò bí àwọn kan nínú pé orúkọ wọ̀nyí kò jọ ti ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ti mọ́ àwọn lára láti máa so mọ́fíìmù mẹ́fà pọ̀, kí ó lè bá ti Látíìnì dọ́gba. Àwọn mìíràn yóò ní kí wọ́n sáà gba orúkọ òyìnbó bí ó ti rí, kí wọ́n fi àmì ohùn sí i lórí, kí ó parí. Ọ̀nà méjèèjì gbàgbé ẹni tí ọ̀rọ̀ wà fún. Nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ Babs Fafunwa, ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ ní sáyẹ́ǹsì, ọmọ náà sì ní ọdún mẹ́fà láti fi mọ ọ̀rọ̀ tuntun. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 wà fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, àwọn tí ìwé jẹ́ iṣẹ́ wọn. Aláìsàn kò ní ọdún mẹ́fà. Lọ́pọ̀ ìgbà kò ní ju ọ̀sán kan lọ, kì í sì í ṣe òun nìkan ni yóò pinnu. Ohun tí dókítà bá sọ fún un, ó ní láti gbé e délé fún ìyàwó, fún ẹ̀gbọ́n, fún bàbá tí yóò bá a wá owó. Ọ̀rọ̀ tí kò bá lè wọ ọkọ̀ láti ilé-ìwòsàn dé Ìyànà Ìyẹsí kí ó má ṣe dà nù lójú ọ̀nà, kò tí ì di ìperí. Bí dókítà bá sọ pé, 'Bàbá, òkúta yín tóbi, láti ẹ̀yìn ni a ó ti yọ ọ́, ojú ibẹ̀ kò ní í ju orí ìka lọ,' bàbá náà lè tún un sọ bí ó ti gbọ́ ọ gan-an. Bí ó bá sì jẹ́ pé ibi tí ó wà kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, yóò mọ ohun tí yóò béèrè ní Ìkẹjà, ní Ìdí-Àràbà tàbí ní Abẹ́òkúta.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, bóyá òun sì ni ó nípọn jù. Lẹ́yìn púpọ̀ nínú ìtọ́jú wọ̀nyí, wọ́n máa ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ọ̀nà-ìtọ̀ òkè, orí rẹ̀ kan nínú kíndìnrín, ìkejì nínú àpò ìtọ̀, kí ìtọ̀ lè máa rí àyè kọjá. Kò hàn sí òde rárá. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ lò níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, òkúta tuntun yóò gbá jọ sí i lára, ohun tí wọ́n fi wo àìsàn sàn yóò sì di àìsàn tí ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, kíndìnrín sì lè bá a lọ. Gbogbo àwọn oníṣègùn ìtọ̀ ni ó mọ irú èyí. Ara aláìsàn ti yá, ìrora ti lọ, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́; 'rọ́bà' tí wọ́n mẹ́nu kàn fún un, èyí tí wọ́n fi ń tọ̀ sínú àpò tí wọ́n yọ kí ó tó kúrò ní ilé-ìwòsàn ni ó rò pé ó jẹ́. Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó wà nílẹ̀ fún ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá. Rọ́bà àyálò ni ó yẹ kí wọ́n pè é, nítorí kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ pé ohun tí ènìyàn bá yá, dídá padà ni. Kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà sára ìwé tí aláìsàn náà ń mú lọ sílé, ní Yorùbá, kí ọmọ rẹ̀ lè kà á fún un.